Àwọn Tí Ń Fín Oògùn Apakòkòrò: Láti Òfurufú Dé Abẹ́ Igi Kòkóò

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ìhà Ògùn Waterside wá,

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wá. Àwọn awakọ̀ òfurufú tí ń ti ojú sánmà da oògùn sórí oko ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi ń tọ́jú igbó kòkóò tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí àti iṣẹ́ àwọn ọmọ wa tí ń gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn lọ sí oko, ọ̀kan náà ni. Àwọn méjèèjì ni ń fọ́n májèlé sínú afẹ́fẹ́ kí ó lè bà lé kòkòrò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé ẹni èkíní wà lókè, oògùn rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni kejì wà nísàlẹ̀, oògùn rẹ̀ ń rọ̀ padà lé e lórí. Àwọn oníṣègùn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni èkíní wò, a sì ti ṣe òfin nítorí rẹ̀. Ní ti ẹni kejì, àwọn tí ń bi í léèrè bí ara rẹ̀ ti rí kò pọ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù August, ọdún 1921, ní ẹ̀bá ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ọmọ-ogun kan tí ń jẹ́ John Macready gbé ọkọ̀ òfurufú kọjá lórí ọgbà igi kan tí kòkòrò ń jẹ ewé rẹ̀ run. Bí ó ti ń kọjá ni a ń da ìyẹ̀fun májèlé tí a fi òjé àti arsenic ṣe sórí àwọn igi náà. Iṣẹ́ tí ìbá gba àwọn alágbàṣe ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olóko òwú ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà fi gba ọgbọ́n yìí. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Èkó, inú ẹgbẹ́ tí ń da májèlé sórí òwú ni ó ti jáde.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn májèlé titun dé. Ní ọdún 1939, Paul Müller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí i pé DDT ń pa kòkòrò, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1948. Ní Jámánì, Gerhard Schrader ń wá oògùn kòkòrò kiri nínú àwọn èròjà tí a fi phosphorus ṣe. Ní ọdún 1936 ó ṣe èyí tí a ń pè ní tabun. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ológun fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ìjà. Láti inú ìdílé yìí kan náà ni parathion ti wá, tí a sì ń dà á sórí oko káàkiri ayé lẹ́yìn ogun. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ èyí dájú: ohun tí a dì sínú ìgò fún un, tí a sì ya àwòrán ewé tútù sí i lára, lè jẹ́ ọmọ ìyá ohun tí a ṣe láti fi pa ọmọ ogun.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú májèlé yìí ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ dé ojú, dé inú, dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ń fi èròjà kan jíṣẹ́ fún iṣan. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, èròjà mìíràn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cholinesterase a gbá ti ìṣáájú kúrò, iṣan a sì sinmi. Májèlé yìí a di cholinesterase lọ́wọ́. Ìgbà náà ni àṣẹ kò ní ìparí mọ́. Ó dàbí ìlù tí ẹnikẹ́ni kò lè dá dúró. Òógùn a bò ènìyàn, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, inú a máa lọ́ ọ, èébì a dé, ẹran ara a máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, ọmọlójú a fún kù bí orí abẹ́rẹ́. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀fóró a kún fún omi, àwọn iṣan tí a fi ń mí a sì rẹ̀.

Nínú ohun wọ̀nyí, ọmọlójú ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀ràn awakọ̀ òfurufú hàn. Ẹni tí ń fín oko láti òfurufú kì í fò lókè réré. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí orí ewé ni ó ń fò, pẹ̀lú eré gidi, igi wà níwájú rẹ̀, wáyà iná mànàmáná sì nà gbọọrọ ní ìpẹ̀kun oko. Bí ẹ̀kán oògùn kan péré bá ta sí ojú rẹ̀ kan, ọmọlójú yẹn a fún, èkejì a là. Ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn a sì dà rú mọ́ ọn lójú. Bí ọkọ̀ bá já, a lè sọ pé ọwọ́ ni ó ṣì í, kí ó sì jẹ́ pé oògùn ti kọ́kọ́ pa ojú dà.

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìtọ́jú ọ̀ràn òfurufú ní Oklahoma City bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀ràn yìí wò, àwọn mìíràn sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ń fín oògùn ní ilẹ̀. Ohun tí a ti ipa iṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. A ti rò pé imú ni májèlé ń gbà wọlé, nítorí imú ni ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó hàn gbangba pé awọ ara ni ọ̀nà ńlá tí ó ń gbà. A tún rò pé awakọ̀ ni ó wà nínú ewu jùlọ, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ń po oògùn, tí ń rọ ọ́ sínú ọkọ̀ ní ilẹ̀, ni ó sábà máa ń gbà á sára ju awakọ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ó ń kan ojúlówó oògùn tí omi kò tíì là.

Ní ọdún 1971 a tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó yẹ kí a máa kà sí etí gbogbo ẹni tí ń gbé páńpù. Wọ́n fi ìwọ̀n parathion kékeré kan ara àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì wò ó bí ó ti pọ̀ tó tí ó wọlé. Awọ apá gba nǹkan bí 9 nínú 100 wọlé. Awọ orí àti iwájú orí gba ju 30 lọ. Awọ ìkọ̀kọ̀ ọkùnrin gbà á tán pátápátá. Ẹ dárí jì wá pé a dárúkọ ibi tí a kì í dárúkọ láwùjọ. Ṣùgbọ́n bí páńpù bá ń jò, ẹ̀yìn ni omi rẹ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀, abẹ́ ìgbànú ni ó sì ń dúró sí, nínú ṣòkòtò tí yóò tutù títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Cholinesterase tí ó wà nínú ara dàbí omi inú ìkòkò. Ẹni tí ó fín oògùn ní ọjọ́ Ajé ti bu igbá kan nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ó tún bu òmíràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ní Ọjọ́rú. Ara kì í tètè pọn omi mìíràn sínú ìkòkò náà; ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, oògùn díẹ̀ tí kì bá ti ṣe é ní nǹkan a gbé e ṣubú. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn yóò máa wí pé, “Ó ti ń fín oògùn láti ogún ọdún, oògùn kọ́ ni ó ṣe é.” Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ California fi ṣe òfin ní ọdún 1974 pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń lo májèlé líle wọ̀nyí wò. A ń wọn ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí cholinesterase inú ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ dé 70 nínú 100 ti àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn mọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi bọ̀ sípò. A kò ní dúró kí ó ṣubú kí a tó dá a dúró.

Ní apá ilẹ̀ tiwa yìí pẹ̀lú, ọkọ̀ òfurufú ti da oògùn rí. Láti ọdún 1974 títí di ọdún 2002, hẹlikọ́pítà ń fò lórí àwọn odò ní Tógò, ní Gánà, ní Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, láti pa ìdin kòkòrò tí ń fa ìfọ́jú. Temephos tí wọ́n lò jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó rọ̀ jù sí ènìyàn nínú ìdílé rẹ̀. Ní òkè Ọya, ọkọ̀ òfurufú ń da fenthion sórí àwọn ẹyẹ quelea tí ń jẹ ọkà run. Ṣùgbọ́n ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, igbó ni ilẹ̀ wa, kòkóò sì ni irè oko wa. Ènìyàn ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ abẹ́ rẹ̀.

Kòkòrò tí ń bá kòkóò jà jọ ìdun tí a na gùn. Ó ń gún èèhù àti ara kòkóò tútù, ó sì ń fa omi rẹ̀ mu. Ojú ibi tí ó gún a dúdú, ẹ̀ka a sì gbẹ. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni a ti ń fi Gammalin 20 bá a jà ní Nàìjíríà. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ ṣe àìmoore sí i: ó gba ọ̀pọ̀ oko là, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ara kòkóò tí ó gbà là wá. Kí ọdún 1970 tó dé ni a ti ń rí i pé àwọn kòkòrò kan kò kú fún un mọ́, tí àgbẹ̀ sì ń pò ó nípọn sí i láti fi borí wọn. Ìdí-Ayùnrẹ́, ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ilé ìwádìí kòkóò ti Nàìjíríà wà láti ọdún 1964, níbi tí a ti ń dán àwọn oògùn mìíràn wò. Ní ọdún 2009 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Stockholm fi lindane sí ara àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ kọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2011 wọ́n fi endosulfan kún un. Ní ọdún 2015 ẹgbẹ́ onímọ̀ tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé lindane ń fa jẹjẹrẹ sí ènìyàn lára. Síbẹ̀ orúkọ Gamalin kò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà; ohunkóhun tí ó bá ń rùn nínú ìgò, Gamalin ni wọ́n ń pè é.

Lindane kò ṣe bí àwọn májèlé phosphorus. Ọpọlọ ni ó ń rú. Ẹni tí ó bá gbà á sára púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, kí ó ṣubú, kí ó máa ta ẹsẹ̀ àti ọwọ́, kí ó máa yọ ìfófó lẹ́nu. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti Ìjọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ní wárápá rí bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ṣubú bẹ́ẹ̀ lójú agbo ilé, ta ni wọn yóò bi léèrè ohun tí ó fín ní ọjọ́ náà? Ìyàwó bàbá rẹ̀ ni wọn yóò máa wò. Obìnrin tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ yóò di àjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé yóò sì dàrú títí láé, nígbà tí ṣòkòtò tí ó tutù fún oògùn ṣì wà lára ọmọ náà, tí kò sí ẹni tí ó rò ó láti bọ́ ọ. Àwa tí a ń wọ ilé àwọn aláìsàn mọ bí ọ̀rọ̀ “ayé ni ó ṣe é” ti yára tó láti dé ẹnu. Àwọn májèlé ti phosphorus kì í sì tètè jẹ́ kí a fura, nítorí orí fífọ́, òòyì, òógùn àti èébì ni gbogbo wa mọ̀ sí ibà. Aláìsàn a gbé oògùn ibà mì, a sùn, a sì padà sí oko ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Igi kòkóò ga ju ènìyàn lọ. Nítorí náà òkè ni a kọ ẹnu páńpù sí. Orí àti iwájú orí, tí a ti gbọ́ bí wọ́n ti ń gba májèlé wọlé tó, ni oògùn ń rọ̀ lé. Ọwọ́ lásán ni a fi ń pò ó. Bí ẹnu páńpù bá dí, a fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹni tí ń fín in ń jẹ obì, ọwọ́ kan náà ni. Ìyàwó rẹ̀, tí ó lè lóyún, ni ó ń pọn omi tí a fi ń pò ó, òun náà ni ó sì ń fọ aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àwọn ọmọ. Awakọ̀ òfurufú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn ni ń pò ó, òun ni ń dà á. Ọmọ wa ni apò, òun ni afín, òun sì ni ilẹ̀ tí oògùn ń bà lé.

Ó dùn wá pé èdè wa pe ohun méjèèjì ní oògùn, èyí tí ń wo ènìyàn sàn àti èyí tí ń pa á. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi Sniper fọ irun nítorí iná orí, tí àwọn mìíràn sì ń wọ́n ọn sórí ẹ̀wà tí wọn yóò tà. Dichlorvos ni Sniper, ìdílé phosphorus ni; ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de ìgò rẹ̀ kékeré. Paraquat tí a fi ń pa koríko, tí kò ní ẹ̀rọ̀ kankan bí ènìyàn bá gbé e mì, ni a fi òfin dè láti ọjọ́ 1 oṣù January, ọdún 2024. Lára àwọn oògùn kòkóò tí a ń lò báyìí, àwọn bí imidacloprid àti thiamethoxam kò le sí ènìyàn bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ wẹ̀ ẹ́.

A mọ̀ pé aṣọ roba tí a yà sára ìgò kò ṣeé wọ̀ nínú ooru ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó rò ó kò fín kòkóò rí ní oṣù September. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣeé ṣe pọ̀. Kí a fi omi lásán dán páńpù wò kí a tó da oògùn sí i, bí ó bá sì ń jò, kí a má gbé e. Kí a ta ọ̀rá sí ẹ̀yìn lábẹ́ páńpù. Fìlà tí ó ní etí gbòòrò, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀wọ́ roba nígbà tí a bá ń po oògùn, bàtà roba tí a na ẹsẹ̀ ṣòkòtò bò lórí kí oògùn má ba à ṣàn sínú rẹ̀. Kí a fín in ní kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn wa wá. Ọ̀já koríko tútù tó láti fi yọ ohun tí ó dí ẹnu páńpù. Kí a wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí a tó wọ ilé, kí a sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń háyà ọmọ ọlọ́mọ fún iṣẹ́ yìí, òun ni kí ó ra ìbọ̀wọ́ náà, kí ó má ṣe yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́.

Bí oògùn bá sì ti mú ènìyàn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ sì dáàbò bo ọwọ́ tiyín bí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. A mọ̀ pé epo ni ẹ̀rọ̀, àwọn ìyá wa ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú epo ni lindane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ́ sí, epo a sì tì wọ́n wọ inú ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà. Ẹni tí iyè rẹ̀ kò jí, tí a ń rọ epo sí lẹ́nu, epo lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ kí ó sì pa á ṣáájú oògùn. Ẹ gbé ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìwé tí ó wà lára rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ atropine tí ń gba ẹni tí májèlé phosphorus mú là kì í ṣe ìtọ́jú ẹni tí lindane mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọkọ̀ dúró nítorí àdúrà. A ó gbà á nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin ará Waterside. Oògùn kòkóò ti di oògùn ẹja. Àwọn kan ń dà á sínú omi ní òru kí ẹja lè léfòó, òwúrọ̀ a ti dé ọjà. Òfin ilẹ̀ wa kọ̀ ọ́, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀: lindane a máa fara mọ́ ọ̀rá ẹja, iná ìdáná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti lé e jáde. Ẹja wẹ́wẹ́ tí ìbá dàgbà ní ọdún tí ń bọ̀ a kú pẹ̀lú ńlá, àwọ̀n ẹni tí kò ṣe nǹkan ní Ìwòpin àti ní Màkún-Omi a sì máa jáde lófìfo. Kí àwa ará òkè má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Àwọn odò tí ó ti inú igbó wa ń ṣàn lọ sí gúúsù, ọ̀sà ni wọ́n ń wọ̀ nígbẹ̀yìn, etí odò wọ̀nyí ni a sì ti ń fọ páńpù lẹ́yìn iṣẹ́. Inú oko ni kí a ti máa fọ̀ ọ́, níbi tí ó jìnnà sí omi. Ìgò tí ó bá tán, kí a fi omi ṣan inú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a da omi ìṣàn náà sínú páńpù kí a sì fín in sára kòkóò, lẹ́yìn náà kí a fi ọ̀bẹ dá ìsàlẹ̀ ìgò náà lu, kí ẹnikẹ́ni má ba à rọ epo tàbí karosíìnì sí i mọ́.